Akẹtẹ̀ Ṣóńṣó Fàdákà

Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni akẹtẹ̀ náà ti wà lórí orúnkún Sim, ìyàwó Khoát, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde lára màrìwò gbígbẹ bí ẹja kékeré nínú omi. Khoát kò bi í léèrè ẹni tó ni ín. Ó rò pé òun mọ̀. Bí ọkùnrin bá ti wọ iṣẹ́ ogun láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, tí ọgbẹ́ wà ní àyà rẹ̀ tí kò sí ẹyọ kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ọ̀gágun sì rán ìyálé rẹ̀ wá bá ìyàwó ọkùnrin náà pé kó rán akẹtẹ̀ tí wọ́n máa fi fàdákà dé lórí, ta ni yóò tún máa béèrè orí tí akẹtẹ̀ náà ń lọ?

Ibùdó àwọn ọmọ ogun Gúúsù ni wọ́n wà, ní bèbè odò Gianh, níbi tí wọ́n ti dojú kọ odi àwọn ará Àríwá tó wà lódìkejì omi, èyí tí wọ́n ń pè ní Odi Lau. Ogun náà ti pẹ́ débi pé àwọn ìyàwó ti tẹ̀ lé ọkọ wọn wá. Wọ́n ti kọ́ ahéré, wọ́n ti gbin ọ̀dùnkún, adìẹ wọn sì ti ń pa ọmọ lẹ́yìn àgọ́ ìbọn. Khoát àti Sim fi Mận ọmọbìnrin wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé, àwọn méjèèjì sì jọ wà ní ibùdó.

Níbẹ̀, akẹtẹ̀ ni ènìyàn. Kí wọ́n tó wo ojú ẹ, wọn a ti wo orí ẹ. Ọmọ ogun lásán a dé akẹtẹ̀ ọparun tí ewé bo ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tó bá ń darí ẹlòmíràn a fi idẹ sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fàdákà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Olórí ọ̀wọ́ iwájú nìkan ló ń dé e. Bó bá ń kọjá, àwọn tó kù a ṣí tiwọn, wọn a gbé e mọ́ àyà. Ẹni tó dé e kẹ́yìn, ọta ìbọn ló pa á ní etí omi nígbà ìkórè. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ náà, ọta ìbọn ni. Gbogbo ibùdó ló mọ̀ ọ́n, Khoát náà mọ̀ ọ́n, kò kàn ronú sí i ni. Ẹni tí ebi oyè ń pa kì í bi oúnjẹ léèrè ẹni tó sè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Sim lọ fọ aṣọ, Khoát gbé akẹtẹ̀ náà dé. Ó fún un díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó ní bóyá nítorí pé kò tíì parí ni. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sí imú, òórùn òdòdó ọsàn tí Sim fi ń pa irun sì wà nínú rẹ̀ lóhùn-ún. Ọkàn rẹ̀ kún. Ó rò ó pé ní ilẹ̀ àwọn, bí obìnrin bá rán akẹtẹ̀ fún ọkùnrin, ó ti fi oòrùn àti òjò ọkùnrin náà ṣe ti ara rẹ̀ nìyẹn. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe bá a.

Ọjọ́ oyè pé. Wọ́n lu ìlù ogun, àwọn ọ̀wọ́ tò ní pápá, Khoát sì dúró ní ìlà iwájú pẹ̀lú irun tí ó fi òróró pa. Ọ̀gágun Lương Đạc jáde, àwọn ọmọ ogun sì ń kì í: Ẹkùn Odò, a-bú-ramúramù-kí-omi-fà. Ó gbé akẹtẹ̀ náà sókè kí oòrùn lè rí fàdákà orí rẹ̀. Ó wá pe orúkọ.

Nhuận ló pè.

Nhuận yìí, àbúrò ni fún Khoát. Ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn. Ìbúra ló sọ wọ́n di tẹbí. Ọmọ apẹja ni, ó rí gàgàrà, ó funfun léyín, ó sì lè wẹ̀ ju ọ̀nì lọ. Ọdún tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ogun ni Khoát gbé e lẹ́yìn kúrò nínú ẹrẹ̀ níbi tí ọfà ti bà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ náà san, wọ́n pa àkùkọ, wọ́n da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ọtí ìrẹsì, wọ́n mu ún nínú abọ́ kan, wọ́n sì búra pé ẹni tó bá da èkejì, kí odò gbé e, kí ilẹ̀ má gba òkú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Nhuận bá pa ẹja, ilé Khoát ló ń kọ́kọ́ gbé e wá. Àwọn ọmọ ogun ń kì í ní Lékeléke, ẹyẹ tí ń wọ ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ kì í ta sí lára. Khoát ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀fọ̀n Dúdú.

Khoát dúró sí àyè rẹ̀ ní ìlà. Ó rí Nhuận tó kúnlẹ̀, ó rí akẹtẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀, tí kò fún un, tí kò gbọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyálé ọ̀gágun sọ pé kí ẹni tó rán an wá so ó. Sim jáde láàrin àwọn obìnrin, ó so ọ̀já akẹtẹ̀ náà lábẹ́ àgbọ̀n Nhuận. Ìgbà náà ni Khoát wo ọ̀já náà dáadáa. Ṣẹ́dà ni, àwọ̀ àlùkò, tí etí rẹ̀ ní ìlà funfun tín-ínrín. Ọ̀já ìgbàdí tí Sim fi wọlé rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Ó ti gé e.

Gbogbo ọmọ ogun ṣí akẹtẹ̀ wọn. Khoát náà ṣí tirẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ń jẹ ẹ́ nínú, kò sì mọ èwo ló dàgbà ju èkejì. Ìlara ni ti oyè, owú ni ti ìyàwó. Ẹni tí ọ̀kan bá mú lè sùn, ẹni tí méjèèjì bá mú, ẹní ni ń sùn lé e lórí. Kò bi Sim ní nǹkan kan. Bó bá gbé ìrẹsì wá, a jẹ ẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, a ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo nǹkan: ìgbà tí Nhuận wá tí Sim fi òwú wọn orí rẹ̀ yípo, tí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, tí Khoát sì rò pé eré ni, ẹja tí Nhuận ń gbé wá, tó jẹ́ pé Sim ló ń gbà á, ọ̀nà tí Nhuận ń gbà pè é ní "ìyàwó wa." Ohun tó ti ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yí ẹ̀yìn padà, ó sì rí i pé ẹ̀yìn wọn dúdú.

Àwọn ènìyàn ò sì ràn án lọ́wọ́. Bàbá Chắt, alásè ọ̀wọ́ wọn, tí ètè rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nítorí ewé àti èso tó máa ń jẹ lẹ́nu, ń bu ọbẹ̀ sí abọ́ Khoát ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló bá sọ ọ́ bí ẹni ṣe àwàdà.

"Ẹ̀fọ̀n Dúdú, ọ̀rọ̀ ilé yín yé mi díẹ̀. Ilé yín ni wọ́n ti ń rán oyè, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń dé e."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Khoát náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìn igi, ó da ọbẹ̀ náà sílẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀gágun pe ìgbìmọ̀. Oúnjẹ ti ń tán ní ibùdó, ìgbà òjò ńlá sì ń bọ̀. Bí wọn kò bá gba Odi Lau kí odò tó kún, wọn yóò padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Lương Đạc fi ọ̀pá ya odò sórí iyanrìn. Ó ní òun ti ń wo àwọn ọ̀tá láti ìgbà tí àwọn ti dé: wọn kì í ka ènìyàn, akẹtẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àárọ̀ wọn ni kùrukùru, nínú kùrukùru sì rèé, akẹtẹ̀ nìkan lojú ń rí.

"Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní akẹtẹ̀ kà," ló wí.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n gbé akẹtẹ̀ lé wọn lórí, kí wọ́n sì tú wọn sí omi lápá òkè, kí ìṣàn gbé wọn kọjá níwájú odi bí ẹgbẹ́ ogun tó ń wẹ̀ bọ̀. Bí àwọn ọ̀tá bá ti yìnbọn tán, tí wọ́n ń kì í lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun gidi yóò ti gba inú esùsú ìsàlẹ̀ odò dé ẹnubodè ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní ó dáa. Wọ́n ní kí Khoát ṣáájú àwọn tí yóò gba ẹ̀yìn.

Khoát wò ó pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, ẹnu òun ṣáà tún là. Ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ire ogun nìkan ká lára. Ó ní akẹtẹ̀ lásán kì í pariwo. Ìbọn kan tàbí méjì, àwọn ọ̀tá yóò mọ̀ pé igi ni. Ó yẹ kí àwọn ènìyàn díẹ̀ wà lórí pákó tí a so pọ̀ láàrin àwọn akẹtẹ̀ náà, kí wọ́n máa ké, kí wọ́n sì máa yìnbọn padà. Ó wá fi kún un.

"Ẹni tí wọ́n mọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí fàdákà nínú kùrukùru, kò sẹ́ni tí yóò tún bojú wo ẹ̀yìn."

Lương Đạc wo Khoát fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rí ìsàlẹ̀ kànga. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Nhuận, ó bi í bóyá ó gbọ́. Inú Nhuận ń dùn. Ó rò pé iyì ni ẹ̀gbọ́n òun ń wá fún òun.

"Mo gbọ́, bàbá. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n wọ iná, mo mọ̀ pé ó ti wo ibi tí omi wà."

Wọ́n túká.

Lọ́jọ́ kejì, akéde yí ibùdó ká pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú akẹtẹ̀ rẹ̀ wá. Wọ́n mú un wá, ṣùgbọ́n kò yá wọn lára. Obìnrin kan ti fi tirẹ̀ bu omi fún ọkọ rẹ̀ tó ń kú lọ lójú ọ̀nà. Òmíràn fi tirẹ̀ ṣe ìbòòji fún ọmọ tó bí sí etí oko. Opó àgbàlagbà kan gbé èyí tí wọ́n fi bo ojú ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ó gbé e lé orí òkìtì náà, ó sì tún gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ tiwọn láàrin ọ̀pọ̀, bí àgùntàn ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ lábẹ́ oòrùn láìbo orí, ó dà bíi pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ní ibùdó.

Sim ló kẹ́yìn. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá àwọn tó kù lọ. Ó gba etí omi lọ síbi tí Khoát ti ń fi oje igi dí ojú ọkọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí Khoát fi gbójú sókè.

"Bàbá Mận, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí Nhuận wà láàrin àwọn akẹtẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹ mọ ibi tí ìbọn máa ń wò."

Khoát fi ọ̀bẹ oje sílẹ̀. "Àyà rẹ ń já nítorí rẹ̀?"

"Àyà mi ń já."

Khoát wá tú ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ oyè síta. Ó sọ fún un pé òun rí ọ̀já ìgbàdí rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n ọkùnrin mìíràn, gbogbo ibùdó ló rí i, àní alásè rí i. Ó ní ọ̀já tí òun fi ọwọ́ òun tú lọ́jọ́ tó wọlé òun. Ó bi í bóyá níwájú ọ̀gágun ló ti yẹ kí òun mọ̀ pé òun kò ní ìyàwó mọ́. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni, ìyẹn ló sì burú jù.

Sim kò sunkún. Ó jókòó sí etí ọkọ̀ tí oje rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

"Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ dé e fún," ló wí. "Ìyálé ọ̀gágun wá gba ìwọ̀n orí yín lọ́wọ́ mi. Ó ní inú mi á dùn. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní àwọn méjì tó dé e kẹ́yìn, èmi ni mo rán tiwọn, mo sì rí bí wọ́n ṣe gbé àwọn akẹtẹ̀ náà padà wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ó ní ta ni. Mo ní Nhuận." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, ìyá rẹ̀ ti kú. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń yan adìẹ tí wọ́n máa pa."

"Ọ̀já náà ńkọ́?"

"Nígbà tó wá kí n wọn orí rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò ní ẹni tó rán nǹkan fún òun rí. Kí ni mo ní tí mo lè fún ẹni tí mo ti tà? Mo gé e."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú Khoát, ayọ̀ ni. Ó jowú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi fò sókè pé òun ni ó yàn, òun ni kò fẹ́ kó kú. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Òtútù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn òtútù ni ìbínú dé.

"O gba oyè mi lọ́wọ́ mi."

"Mo gbà á. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ gba ẹ̀mí ẹni tí mo gbé e fún." Ó dìde. "Àwa méjèèjì la jọ rán akẹtẹ̀ yẹn, Bàbá Mận. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ó lọ. Khoát jókòó ti ọkọ̀ náà títí oje ọwọ́ rẹ̀ fi le. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wá Nhuận lọ.

Ó bá a níbi tó ti ń yan ẹja pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ bá a gun pákó. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ fún un pé kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀. Kí òun gba akẹtẹ̀ náà, kí òun wà lórí omi. Kí Nhuận ṣáájú àwọn tó ń gba ẹ̀yìn. Nhuận rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé eré kọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ó dùn yín," ló wí. "Mo rí ojú yín lọ́jọ́ oyè. Mi ò kàn lè sọ ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ogun kan ṣoṣo yìí hàn pé ó yẹ mí. Tó bá parí, bí ẹ bá ní kí n bọ́ ọ fún yín, màá fi ọwọ́ mi bọ́ ọ."

Bí Khoát bá sọ òótọ́, ó ti fa Sim sí ìta nìyẹn. Ó fi Nhuận sílẹ̀, ó kọrí sí àgọ́ ọ̀gágun, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbọ́ ohùn Lương Đạc nínú ilé. Kí ló fẹ́ wí? Pé ìyàwó òun bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí òun, pé òun ń jowú, òun sì fi ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ bo owú náà? Ẹ̀ṣọ́ bi í bóyá ó fẹ́ wọlé. Ó ní rárá o, òun kàn ń kọjá ni. Ohun tó burú jù tí kò lè sọ fún ara rẹ̀ pàápàá ni pé bó ṣe ń rìn padà lọ, owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ fún un pé bí Nhuận bá tilẹ̀ kú, ikú tó lẹ́wà ni yóò kú, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì máa kì.

Ní ìdájí, kùrukùru bo odò bí òwú. Wọ́n tú àwọn akẹtẹ̀ sí omi. Khoát àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà nínú esùsú, omi dé wọn láyà, nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Gbogbo odi náà wá gba iná lápá odò. Láàrin ariwo yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Nhuận tó ń kọrin apẹja sókè, tó ń bú àwọn ará Àríwá pé ojú wọn kò rí ìrẹsì nínú abọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnubodè ẹ̀yìn ju arúgbó kan lọ. Wọ́n gun ẹnubodè náà, wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé.

Ibi tí iyì wà ni ẹnubodè yẹn. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ tó ta àsíá, òun ló gba odi. Khoát ju àsíá sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sáré la àárín odi já. Ó gún ẹnì kan, ẹnì kan ṣá a ní èjìká, kò dúró. Ó dé orí ògiri tó kọjú sí odò, ó wo ìsàlẹ̀. Omi kún fún akẹtẹ̀ tó ti fàya, tí wọ́n ń yí bí ewé. Láàrin wọn, pákó náà ti ń jó. Nhuận nìkan ló kù tó dúró lórí rẹ̀, akẹtẹ̀ náà sì wà lórí rẹ̀ gbọn-in, nítorí pé ọ̀já tí Sim so kì í tú. Ìkòkò iná kan jáde láti orí ògiri bí Khoát ti ń wò ó. Ó fọ́ mọ́ Nhuận lójú.

Khoát bẹ́ sí omi láti orí ògiri.

Kó tó gbé e dé bèbè, àsíá Gúúsù ti wà lórí Odi Lau, ogun sì ti parí. Ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀já náà. Nhuận mí. Ó ń bi í bóyá àwọn ti gba odi, Khoát ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí kùrukùru kò tíì lọ. Khoát fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì fi di ojú náà.

Ó yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ méjèèjì kò padà. Nígbà tí ọ̀gágun pe gbogbo ọ̀wọ́ jọ láti pín oyè, wọ́n fi Khoát ṣe olórí ọ̀wọ́ mẹ́ta papọ̀. Wọ́n ní ọkùnrin tó fi àsíá ìṣẹ́gun sílẹ̀ nítorí ẹni tó bá a mu ẹ̀jẹ̀ àkùkọ, irú rẹ̀ kò pọ̀ lábẹ́ ọ̀run. Àwọn ọmọ ogun kì í. Nhuận ní kí wọ́n fa òun dìde. Ó dúró níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ó sì sọ pé òun kò ní ìyá, òun kò ní bàbá, ṣùgbọ́n òun ní ẹ̀gbọ́n, òun sì ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó fi ọ̀já ìgbéyàwó rẹ̀ so oyè mọ́ òun lórí. Ó ní ẹni tí àwọn méjì yìí bá fẹ́ràn, ojú rẹ̀ kò fọ́. Àwọn ọkùnrin tó ti pa ènìyàn ń nu ojú wọn. Sim wo ilẹ̀. Khoát wo akẹtẹ̀ onífàdákà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́, kò gbé e dé.

Kò sí ibi tí Nhuận máa lọ, ilé Khoát àti Sim ni wọ́n mú un lọ. Sim tẹ́ ẹní fún un lápá ibi tí oòrùn àárọ̀ máa ń kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó yí àwo oúnjẹ ká: ìrẹsì, ìgbá tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, ẹja kan tí wọ́n fi omi ẹja oníyọ̀ sè. Nhuận na ọwọ́, ó ṣi abọ́ rẹ̀ mú. Sim gba ọwọ́ náà, ó fi lé abọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ẹja fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹran rẹ̀ sórí ìrẹsì, ó ń fi ìka rẹ̀ wò ó dáadáa kó tó gbé e fún un. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ìrẹsì Khoát ń tutù.

Owú tó mọ̀ dáadáa yẹn tún gbéra nínú Khoát. Kò lọ sí ibì kankan láti ọjọ́ oyè. Ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ni kò ní mọ́, kò sì ní ní i títí ayé.

"Ẹ̀gbọ́n," Nhuận wí, ó yíjú sí ibi tó rò pé ó wà, ó sì ṣì í díẹ̀. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ dákẹ́ jù."

"Mo wà níbí."

"Ẹ jẹun."

Khoát gbé abọ́ rẹ̀, ó sì jẹun.